Sàréè Alàájì Kì í Ṣe Ibojì Lucy

Àǹtí kẹ̀! Bashir, tún un sọ. Mo ní kí o tún un sọ, kí o gbé ohùn sókè, kí àwọn tó ń kọjá lọ́nà Ọ̀mù-Àrán lè gbọ́ ọ dáadáa. Kí Lucy àbúrò mi jókòó síwájú fóònù, kí ó wé gèlè, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó wí fún gbogbo ayé pé òun kọ́ ló bí Aaron olórin yín, pé àbúrò ìyá rẹ̀ ni òun, pé ìyá rẹ̀ gan-an ti kú? Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán ọ láti Èkó nìyẹn? Ohun tí o tìtorí rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, tí o ń béèrè ilé Jàrátù kiri Ẹ̀sìẹ́ nìyẹn? Wọ́láhì, ẹni tó rán ọ níṣẹ́ yìí kò fẹ́ràn rẹ!

Rárá, má dìde. Jókòó. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá jà, ọmọ ọlọ́mọ ni ọ́, ojú rẹ sì jọ ojú ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n o ti wọlé mi, o ti sọ tìrẹ, wàá gbọ́ tèmi. Kí lo ní o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà? Pé ìyá Aaron kú nígbà tó wà ní kékeré? Ta ló sọ fún ọ? Aaron? Hẹ̀n-ẹ́n! Máníjà yín náà ńkọ́, ta ló sọ fún un? Aaron náà ni? Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo Èkó yẹn, ẹ ò rí ẹlòmíràn bi!

Gbọ́ mi. N kò ní fi èdè Ìgbómìnà wa sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kó yé ọ délẹ̀, kí o má baà padà dé ọ̀hún kí o ní ìyá arúgbó kan kàn ń ráhùn. Èmi àti Lucy, ọmọ ìyá ni wá. Èmi fẹ́ Alàájì Hàmídù, mo wá sí Ẹ̀sìẹ́ níbí, mo ń kírun. Òun fẹ́ Tíṣà Sámúẹ́lì ní Ọ̀mù-Àrán, ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Lucy, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjà níbẹ̀. Bí Iléyá bá dé, òun á wá jẹ ẹran níbí. Bí Kérésì bá dé, èmi á lọ jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òrò, nítòsí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló sì ti tọ́ Aaron. Bàbá Aaron ló kú! Sámúẹ́lì, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, òun ni òkú tó wà nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé Aaron kọrin bàbá rẹ̀? Kò kọ ọ́. Ó jọ pé òkú bàbá kì í pa àwọn ènìyàn lẹ́kún tó. Òkú tó wà nílẹ̀ kò wúlò fún un, ó lọ wá òkú tí kò sí!

Àbí ìwọ rò pé ta ló kọ́ Aaron lórin? Lucy ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, orin ti dé ẹnu. Nígbà tí Aaron lọ wá gìtá oníná kan dé, tó di pé ó ń ké bí àgbò tó ti gbóòórùn ọ̀bẹ, tí gbogbo àdúgbò ní kí wọ́n gba nǹkan náà lọ́wọ́ ọmọ yìí, tí Sámúẹ́lì fẹ́ fọ́ ọ mọ́ ògiri, ta ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn? Lucy ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó pariwo. Ọmọ ẹlòmíràn ń jí adìyẹ, tèmi ń pariwo." Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó fi lọ aṣọ, wọ́n á fa wáyà rẹ̀ sí gìtá, áyọ́ọ̀nù á tutù, aṣọ oníbàárà á wà nílẹ̀, Aaron á máa ké. Òun á jókòó tì í, á ní, "Ìlà kejì yẹn, o ti sọ ọ́ nù. Tún un gbé." Ìyá tó kú nìyẹn o! Òkú tó ń tún orin ṣe!

Ó dára. Ó lọ sí Èkó. Ó jìyà níbẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àfi bó ṣe wọlé dé síbí lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá Ẹ̀sìẹ́, mo wá ya fọ́tò ilé, kí n má baà gbàgbé orísun mi." Inú mi dùn! Mo sáré gbé isu kaná, mo ní kí wọ́n jẹ iyán kí wọ́n tó lọ. Èmi ń gúnyán nínú ilé, àṣé àwọn wà lẹ́yìnkùlé, lórí sàréè Alàájì.

Dìde, wá wò ó láti ojú fèrèsé yìí. Ìyẹn tó ní táìlì aláwọ̀ ewé yẹn. Alàájì Hàmídù ló sùn síbẹ̀, ọkọ mi, ọkùnrin tí kò fẹ́ràn orin rí láyé rẹ̀! Bí rédíò bá ti bọ́ sórí orin, á ní kí a yí i síbi ìròyìn. Orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín kúnlẹ̀ sí, tó wọ ṣòkòtò yíya, tó fi tìróò kun ojú bí ìyàwó, tó fi gìtá bo ibi tí orúkọ Alàájì wà kó má baà hàn, tó sì gbójú sókè bí ẹni tí ọ̀run já lé lórí. Àwòrán tó wà lójú àwo orin rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: Ibojì Ìyá Mi. Ibojì ìyá ta ni? Bàbá onírùngbọ̀n!

Èmi kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọmọ mi Husnah, tó ń kàwé ní Òrò, ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi: "Màmá àgbà, ṣé kì í ṣe sàréè Bàbá àgbà nìyí?" Mo ní irọ́ ni. Mo gbé awò ojú mi, mo wò ó títí, mo rí táìlì tó sán nígun, èyí tí bíríkìlà bà jẹ́ tí èmi àti òun fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lé lórí. Mo ní Súbùhánálàhì! Husnah ní, "Màmá, àwo yìí ló wà nípò kìíní. Gbogbo àwo orin tó jáde ni wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ló wà lókè pátápátá, wọ́n ní orin rọ́ọ̀kì kò dé ibẹ̀ rí." Mo ní kó tàn án kí n gbọ́. Ó tàn án. Ìró kan bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí àpáta, lẹ́yìn náà ni Aaron figbe ta. Ó ní inú òjò ni ìyá òun kú sí. Ó ní ìyá òun fọ aṣọ olówó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ní orí ibojì rẹ̀ ni òun ń sùn, kò sẹ́ni tó fún òun lóúnjẹ. Kò sẹ́ni! Èmi tí ẹran Iléyá mi kì í tíì jinná tí Aaron á ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò!

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn ọmọ tó wọ dúdú láti orí délẹ̀, nínú oòrùn Ẹ̀sìẹ́ yìí! Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ère òkúta wa ni wọ́n wá wò tí wọ́n ṣìnà, mo ń nawọ́ ọ̀nà ibi tí wọ́n kó wọn sí. Wọ́n ní rárá o, ìyá Aaron làwọn wá kí. Wọ́n kúnlẹ̀ yí sàréè Alàájì ká, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan tiẹ̀ fẹnu ko táìlì. Wọ́n kọ ọ́ sí pépà pé "Sùn re o, Màmá wa," wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lé àyà ọkọ mi. Ìmáàmù ń ti ìrun bọ̀, ó dúró, ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Ìyàwó Alàájì, kí lèyí? Ṣé ẹ ti sọ Alàájì di òrìṣà ni?" Ojú tì mí, ilẹ̀ kò lanu! Mo gbé ìgbálẹ̀, mo lé wọn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo bímọ fún un!

Rẹ́rìn-ín, kò burú. Lucy náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ sọ ọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdé ni, orin ni, orin kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù." Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Àfi ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá rán aṣọ. Lucy ń fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, ọmọ náà ki nǹkan bọ etí, ó ń kọrin lábẹ́nu, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀. Lucy bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmá, olórin yìí ló ń ṣe mí láàánú. Ó ní ìyá òun kò gbé òun jó rí kó tó kú." Lucy di téèpù mú. Ó ti gbàgbé ohun tó wọ̀n. Ó tún un wọ̀n, ó tún gbàgbé. Ó ní kí ọmọ náà máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìgbà tí èmi dé ibẹ̀, orí ẹ̀rọ ló gbórí lé. Kò sunkún. Ó kàn ní, "N kò gbé e jó rí, Jàrátù?" Bashir, ó pè mí lórúkọ! Ẹni tí kò pè mí lórúkọ rí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ!

Ó pe Aaron lójú mi, ó tẹ fóònù kí èmi náà lè máa gbọ́. Ó ní, "Aaron, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Ọmọ náà kò sẹ́. Kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀! Ó ní, "Màmá, ọjà ni. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Òrò tó ń ránṣọ, ta ló fẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀? Mo ti ṣe àwo kan rí tí mo fi kọrin yín bí ẹ ṣe rí, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó." Mo fẹ́ já fóònù gbà, Lucy gbọ́wọ́ mi dànù. Ni Aaron bá ní, "Ẹ dákun, mo ń bọ̀ wá kọrin ní Ọ̀mù-Àrán, wọ́n fẹ́ ṣe káàbọ̀ fún mi, àwọn oníròyìn á tẹ̀ lé mi. Ẹ bá mi lọ sí Bàbáńlá lọ́dọ̀ ẹbí Bàbá fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n má rí yín."

Kí wọ́n má rí yín! Ṣé ẹ̀tẹ̀ ló mú un ni? Ṣé olè ló jà? Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Èyí tó ní kí ìyá òun sùn títí láé ńkọ́? Ṣé ẹ ní òwe rẹ̀ ní Èkó?

Kí lo pè é? Ọgbọ́n iṣẹ́? Pé olórin lè bu iyọ̀ sí ìtàn? Ta ló ní kó má bu iyọ̀ sí i? Ọdẹ náà ń bu iyọ̀ sí ìtàn. Ó pa etu, ó délé, ó ní ẹfọ̀n ni, gbogbo wa mọ̀, a bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣé ọdẹ máa ń pe ìyá rẹ̀ ní ẹran ìgbẹ́? Jọ̀ọ́, má fi ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn bí mi nínú.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Lucy lọ. Ó di ẹrù, ó lọ sí Bàbáńlá! Mo bú u, mo pè é ní òmùgọ̀, mo ní àkẹ́jù rẹ̀ ló ba ọmọ yẹn jẹ́. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ohun tó máa fi jẹun nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n kú díẹ̀ fún un." Kí n kú díẹ̀! O gbọ́? Ìyá tí ọmọ ń kọrin òkú rẹ̀ káyé nìyẹn.

Lọ́jọ́ orin náà, èmi lọ sí pápá, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Èrò bí eṣú. Àwọn ará Èkó àti Ìlọrin tó wọ dúdú wà níwájú. Àwọn ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó mọ ilé tí wọ́n ti bí i wà lẹ́yìn, wọ́n ń fìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Mo yíjú báyìí, mo rí Lucy! Ó fi ìbòrí bojú mọ́ orí, ó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta omi tútù. Mo ní, "Kí lo wá ṣe?" Ó ní, "N kò rí i kí ó kọrin níwájú èrò rí. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, mà á lọ." Fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa, Bashir. Kò wá dójú ti ẹnikẹ́ni.

Aaron dé orí orin ibojì. Ó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìyá òun, wọ́n sì dákẹ́. Ó ní kí wọ́n pa gìtá, ohùn lásán ló gbé. Bó ṣe dé ìlà kejì, ohùn há. Ó ti ké jù kó tó débẹ̀. Ó gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Ó tún gbìyànjú, ó wúkọ́. Èrò ń wò ó. N kò lè sọ ohun tó mú Lucy. Ẹnu rẹ̀ ló ṣí fúnra rẹ̀. Ó gbé ìlà náà fún un láti ẹ̀yìn, kedere, bó ṣe máa ń gbé e fún un nídìí ẹ̀rọ. Aaron kò ronú, ó gba orin lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì là! Ọmọ lókè, ìyá nísàlẹ̀, wọ́n jọ ń bá a lọ, Lucy ń gbe orin òkú ara rẹ̀! Àwọn ọmọ Ọ̀mù-Àrán ló kọ́kọ́ dá ohùn náà mọ̀. Ẹnì kan pariwo, "Màmá Aaron nìyẹn!" Ìbòrí ti ṣí kúrò lójú rẹ̀, gbogbo orí yí padà.

Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yẹn ní ìṣẹ́jú yẹn, ó ṣí i gbayawu. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, mo wà níbẹ̀. Bó bá ní "Màmá" péré, kó má tilẹ̀ fi nǹkan kan kún un, èrò yẹn ì bá gbé e gẹ̀gẹ̀, wọn ì bá dárí jì í kí oòrùn tó wọ̀. Ó gbé máìkì sẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi ni o! Àbúrò ìyá mi ni. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Àǹtí mi!"

Àwọn tó wà níwájú pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Lucy ti na ọwọ́ sókè kó juwọ́ sí i. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

A rìn dé ilé rẹ̀. Ó gbé ìkòkò ka ààrò, ó gbàgbé láti dáná sí i. Mo ní kó sunkún, ó ní kí ló fẹ́ sunkún sí, ṣé ẹnì kan kú ni?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, àwọn ọmọ Ọ̀mù-Àrán ti gbé fídíò síta, wọ́n gbé fọ́tò Lucy níbi tó ti pọn Aaron tì í, wọ́n ń béèrè òkú wo ló ń pọnmọ. Husnah ní àwo yín ti ń já bọ́ látòkè. Ìyẹn ló lé ọ dé ibí! Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń rò, kì í ṣe pé ó kábàámọ̀, ipò kìíní ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì tún wá fẹ́ kí ẹni tó pa wá bá a jẹ́rìí sí ikú ara rẹ̀!

Rárá, o kò ní lọ bá a ní Òrò. Ó mọ̀ pé ẹ máa wá, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè yín. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé n kò ní bá a jà, n kò sì ní bá a parọ́. Ibi tó bá ti pè mí ní Àǹtí, n kò sí níbẹ̀. Ibi tó bá ti pè mí ní Màmá, mo wà." Tirẹ̀ nìyẹn. Ó rọ̀ jù fún mi. Tèmi le. Kí Aaron padà sí pápá Ọ̀mù-Àrán lójúmọmọ, kó gbé máìkì, kó pe ìyá rẹ̀ ní ìyá rẹ̀ níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ àti àwọn tó rẹ́rìn-ín. Kí ẹ yọ sàréè ọkọ mi kúrò lójú àwo yín. Kó sì wá fèékánná ara rẹ̀ ha àbẹ́là kúrò lára táìlì, nítorí èmi ti ha á, kò bọ́!

Kí lo tún ń sọ? Pé kí n fara balẹ̀? Pé ta ló máa wádìí àbúrò ìyá ẹni dé ìsàlẹ̀? Dúró ná. Dúró, Bashir. Ìyá wa, àwa méjì péré ló bí. Kò bí ọkùnrin, kò tún bí obìnrin mìíràn. Bí Lucy bá wá jẹ́ àbúrò ìyá Aaron, ta ni ìyá Aaron? Ta lẹ sin?

Èmi nìyẹn! Hà! Hà-hà-hà! Yé è, ikùn mi o! Òkú lo ń bá sọ̀rọ̀ látìgbà tí o ti wọlé!

Ó dára, mo gbà. Mo ti kú. Lọ sọ fún ọmọ mi pé ìyá rẹ̀ tí wọ́n sin sí Ẹ̀sìẹ́ ń pè é. Bó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀ tí n kò rí i, mà á wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi sin mí, mà á wá bá a ní Èkó, níbi tó bá ti ń kọrin, mà á sì bá a gbè é! Kí ló dé? Níbo lo ń sáré lọ? Bashir! Bàtà rẹ rèé!